Ẹja Ìyá Wọn

Òórùn omi ni mo kọ́kọ́ pàdé nígbà tí mo wọlé ọkọ mi ní Ìkẹ́rẹ́, òórùn ewé tó ti rẹ sínú omi, bí ẹsẹ̀ òkè ṣe máa ń rùn nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Àpótí gíláàsì kan ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n ní pálọ̀, ẹja kan ṣoṣo sì ni ó wà nínú rẹ̀. Ó pọ́n bí ọsàn, ìrù rẹ̀ gùn, ó fẹ́lẹ́, ó ń wọ́ ọ tẹ̀lé ara rẹ̀ bíi gáùn ìyàwó. Mo nawọ́ láti fi ìka kan gíláàsì náà. Ni èyí àgbà nínú àwọn ọmọbìnrin méjì tí mo bá nílé bá dìde lórí àga.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án, Àǹtí. Ẹja mọ́mì mi ni."

Mo fa ọwọ́ mi padà kíá.

Ìyá wọn ti kú kí n tó mọ bàbá wọn rárá. Èyí àbúrò kò yọ mí lẹ́nu, kò pẹ́ tó fi ń sùn lé mi lẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n! Á kúnlẹ̀ kí mi láàárọ̀, á fọ abọ́ tí mo bá ní kó fọ̀, kò ní fi ọ̀rọ̀ kan kún un. Ìwọ náà ṣáà mọ̀ mí, ọ̀rẹ́ mi. Ṣé èmi ni màá jókòó tí màá máa wo ẹni tó dákẹ́? Mo dín dòdò fún un. Mo ní kó wá kí n dirun fún un. Mo bi í nípa ilé ìwé, nípa àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, nípa ohun tó ń rò. Tó bá wọ yàrá, màá kanlẹ̀kùn. Tó bá bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, èmi náà á ti rántí nǹkan tí mo fẹ́ sá sí oòrùn. Ọkọ mi ní, "Fara balẹ̀ díẹ̀, jàre." Ìfarabalẹ̀ kẹ̀! Ẹ̀rù ń bà mí pé tí ọmọ yìí ò bá gbà mí, àlejò ni màá jẹ́ nínú ilé yẹn títí láé.

Ní ọjọ́ kan, mo gbọ́ ọ láti ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì tó ń bá ẹja náà sọ̀rọ̀. "Ìwọ nìkan lo wà níbẹ̀, àbí?" Háà, mo ní, ọ̀nà ti là, màá ra ẹgbẹ́ fún ẹja náà! Láàárọ̀ Sátidé, n ò tíì jẹun tí mo fi wọ mọ́tò Àkúrẹ́, ó di ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin kan tó ń ta ẹja ọ̀ṣọ́. Kí n béèrè èyí tó lè bá èyí tó wà nílé gbé, kò wá sí mi lọ́kàn. Ṣebí ẹja ni gbogbo wọn. Mo nawọ́ sí àwọn tó wù mí jù, àwọn kéékèèké kan tí wọ́n ní ilà dúdú lára, tí wọn kì í dúró lójú kan. Ọkùnrin náà la ẹnu láti bi mí ní nǹkan, mo ní kó ṣe kíá, mọ́tò ń dúró dè mí. Mo délé, mo já náílọ́ọ̀nù, mo da gbogbo wọn sínú omi. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Àǹtí." Díẹ̀ ló kù kí n jó.

Ayọ̀ náà ò ju ìgbà tá a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́jọ́ kejì lọ. Ìrù tó ń wọ́lẹ̀ bíi gáùn yẹn ti ya ṣákaṣàka. Ẹja ìyá wọn sá sẹ́yìn òkúta, àwọn onílà ń lé e, wọ́n ń já ìrù rẹ̀ jẹ. Ọmọ náà kúnlẹ̀ sídìí gíláàsì, kò sunkún, ó kàn ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Wọ́n ń jẹ ẹ́, Àǹtí. Wọ́n ń jẹ ẹ́." Inú mi bà jẹ́ kọjá sísọ. Tí ẹja yìí bá kú, kí ni màá sọ? Pé èmi ni mo fowó ra ohun tó pa ohun tí ìyá wọn fi sílẹ̀? Mo ki asẹ́ ògì bọ omi, mo ń lé wọn kiri títí mo fi kó gbogbo wọn sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì mi rin gbingbin.

Ilé ìwé ti gba họlidé, nítorí náà nígbà tí mo ń múra àtidá wọn padà lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ọmọ náà ní òun ń bá mi lọ. N ò pè é o. Ní ṣọ́ọ̀bù, òun ni ọkùnrin náà ń bi léèrè: báwo ni ẹja yín ṣe tóbi tó, ṣé ó máa ń yára? Ó fọwọ́ wọ̀n ọ́n, ó ní jẹ́jẹ́ ló máa ń lọ. Èmi ní tèmi ti ń bú àwọn onílà, mo ní ẹja burúkú ni wọ́n.

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Wọn ò burú, mà. Ara wọn ni ò gba ìdúró. Tí wọ́n bá ti rí ìrù tó gùn, wọ́n á fẹ́ tọ́ ọ wò. Wọn ò mọ̀ pé ó ń dun onítọ̀hún."

Mo ṣáà ń wo ọmọ náà, mo ń rántí ilẹ̀kùn tí mo ń kàn.

Ọkùnrin náà fún wa ní méjì tó jẹ́ irú kan náà pẹ̀lú tilé, tí wọ́n jọ tóbi bákan náà, tí wọn kì í sáré. Ó kìlọ̀ fún wa pé ká má dà wọ́n sínú omi o. Ká jẹ́ kí náílọ́ọ̀nù náà léfòó nínú omi tilé ná, ká máa bu omi tilé sí i díẹ̀díẹ̀, títí wọ́n á fi fúnra wọn jáde. Nígbà tá a délé, bẹ́ẹ̀ la ṣe jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nídìí gíláàsì. Ọwọ́ ń yún mi. "Ṣé kò tíì tó?" "Kò tíì tó, Àǹtí." Mo ki ọwọ́ méjèèjì bọ àárín orúnkún. Ibi tí mo ti dákẹ́ ni ọmọ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, láìjẹ́ pé mo bi í. Ó ní ìyá òun máa ń kọrin fún ẹja náà tí wọ́n bá ń fún un lóúnjẹ. Ó ní orin náà kì í dùn. A rẹ́rìn-ín.

Ìrù ẹja náà hù padà, bí kò tilẹ̀ gùn tó ti tẹ́lẹ̀. Ìgbà tí ìyàwó pásítọ̀ wá kí wa, ó béèrè ẹni tó ni àwọn ẹja tó rẹwà yìí. Ọmọ náà ń gbé omi bọ̀ láti kíṣìnnì.

"Ẹja wa ni, mà."

Mo sáré wọ yàrá lọ nu ojú mi.

Ọmọ náà ti wọ yunifásítì báyìí. Àǹtí ló ṣì ń pè mí, kò sì dùn mí. Ara tèmi ò tíì kọ́ ìdúró. Bó bá ti ń ṣe mí bíi kí n tún pè é, lẹ́yìn tí mo ti pè é láàárọ̀, màá sọ fóònù sórí àga, màá lọ jókòó ti àwọn ẹja wa, màá ki ọwọ́ bọ àárín orúnkún. Kì í pẹ́ rárá, fóònù á dún.