Orí Ẹja Tí Àdùkẹ́ Bù fún Ọládélé

Ẹ fara balẹ̀, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, kí n ròyìn ohun tójú mi rí ní Ẹ̀pẹ́ fún yín. Títí dòní, bí mo bá rántí, ẹ̀rín ló ń pa mí!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí ní Ìtamágà, ní Ìkòròdú, mọ̀ pé ìtàn ìfẹ́ ayé àtijọ́ ni mo máa ń kọ. Ẹ tún mọ̀ pé mo fẹ́ràn oúnjẹ. Kí la fẹ́ ṣe sí i? Bí ebi bá ń pa èmi tí mò ń kọ̀wé, àwọn tó wà nínú ìwé á jẹun ni!

Ìgbà tí fóònù GSM ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ́pọ̀ ní Ìkòròdú ni. Mo kọ ìwé kan nípa Àdùkẹ́, ọmọ Ẹ̀pẹ́, àti Ọládélé, ọlọ́kọ̀ ojú omi tó fẹ́ fi í ṣaya. Ọládélé rìnrìn àjò lórí ọ̀sà, ó pẹ́ kó tó dé, Àdùkẹ́ sì búra pé òun ò ní bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Nígbà tó dé, Àdùkẹ́ ò kí i. Ó kàn wọ ilé ìdáná lọ, ó rin ewùrà, ó se ìkọ́kọrẹ́. Ìgbà tó máa gbé e jáde, orí ẹja ló wà lójú abọ́ ọkùnrin náà! Ẹ̀yin náà mọ ẹni tí wọ́n ń bu orí ẹja fún nínú ilé. Ṣé ó tún yẹ kó la ẹnu?

Ọ̀gbẹ́ni Káyọ̀dé, olóòtú ilé iṣẹ́ tó fẹ́ tẹ ìwé náà, pè mí láti Ìbàdàn. Ó ní ṣé ìwé ìfẹ́ ni mò ń kọ ni àbí ìwé ìdáná? Ó ní kí n yọ ìkọ́kọrẹ́ kúrò, kí àwọn méjèèjì dì mọ́ra wọn lábẹ́ òṣùpá. Bí n ò bá yọ ọ́, àwọn ò ní tẹ̀ ẹ́.

Inú mi bàjẹ́ gan-an. Ìwé mi àkọ́kọ́ tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ nìyẹn o! Mo jókòó láti yọ ọ́, ọwọ́ mi kọ̀. Òṣùpá wo? Àdùkẹ́ tó ń bínú, ta ló fẹ́ dì mọ́?

Ibi tí mo ti ń rò ó ni àwọn olùkọ́ kan ní Ẹ̀pẹ́ ti ní kí n wá ka díẹ̀ nínú rẹ̀ fáwọn ará ìlú. Ọ̀gbẹ́ni Káyọ̀dé ní òun náà á wá. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n fi sí, nínú ààwẹ̀ Ràmàdáánì! Èmi náà ń gbààwẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn tó jókòó ń gbà á. Ọlọ́gbọ́n á ka nǹkan mìíràn fún wọn, àbí? Ìkọ́kọrẹ́ ni mo ṣí!

Mo kà á: bí epo ṣe ń hó, bí edé ṣe ń ta sánsán. Àwọn tó kún inú gbọ̀ngàn na ọrùn sí mi. Ọ̀gbẹ́ni Káyọ̀dé ń mirí. Bí mo ṣe kà á débi tí Àdùkẹ́ ti gbé abọ́ síwájú Ọládélé, mo rántí pé ó ní kí n yọ ọ́, mo bá pa ìwé dé.

"Ẹ dúró ńbẹ̀!" Bàbá Mùníru, àgbà apẹja kan tó jókòó níwájú, ló dìde. "Ẹ ò lè fi ebi pa wá, kẹ́ ẹ tún fi ìtàn pa wá! Ṣé ó jẹ ẹ́ àbí kò jẹ ẹ́?"

Gbogbo gbọ̀ngàn gbà á: "Ṣé ó jẹ ẹ́?"

N ò mọ ohun tó kó sí mi lórí. Mo ní kí wọ́n bi ọ̀gá tó jókòó lọ́hùn-ún, torí òun ló ní kí n yọ oúnjẹ náà kúrò.

Yéè! Gbogbo ojú yí sí Ọ̀gbẹ́ni Káyọ̀dé. Ìyá kan bi í bóyá wọn kì í bu orí ẹja fún un nílé ni. Ẹ̀rín sọ! Ṣùgbọ́n Bàbá Mùníru ò rẹ́rìn-ín. Ó ní ọjọ́ tí ìyàwó òun kọ́kọ́ bu orí ẹja fún òun lòun mọ̀ pé òun ti di ọkọ. Ó ní ìyàwó náà ti kú báyìí, àmọ́ òun ò tíì gbàgbé abọ́ yẹn.

Ọ̀gbẹ́ni Káyọ̀dé dìde, ó yọ awò ojú rẹ̀.

"Ẹ má bínú, Bàbá. Oúnjẹ náà á wà níbẹ̀." Ó yíjú sí mi. "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán."

Mo kà á tán! Ọládélé jẹ ẹ́, ó lá ìka, ó ní lọ́la ni àwọn ẹbí òun ń bọ̀. Àtẹ́wọ́ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ bo ìpè ìrun àsálámù mọ́lẹ̀. Gbogbo wa jọ ṣínu níbẹ̀. Nígbà tí ìwé náà jáde, wọn ò yọ ẹyọ edé kan nínú rẹ̀!

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé ohun tí o mọ̀ dénú ni kó o fún àwọn èèyàn. Ìfẹ́ tá a yá lọ́wọ́ ẹlòmíràn kì í dùn lẹ́nu ẹni.

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ni wọ́n ti ní kẹ́ ẹ yọ kúrò nínú iṣẹ́ yín rí, tẹ́ ẹ sì kọ̀ jálẹ̀? Ẹ bá mi sọ ọ́, ó ń ṣe mí bíi kí n gbọ́!