Ọkọ̀ Tí Bàbá Mi Dí Bí Ìlẹ̀kùn

Nígbà tí àwọn òyìnbó Faransé kó ẹrù wọn kúrò ní Kétu, wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi kan sílẹ̀. Ọkọ̀ onígi ni, ó ní ẹ́ńjìnnì nídìí. Kòmándà tó ń ṣàkóso ìlú ló máa ń fi í ṣeré lórí odò Wẹmẹ. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí wọ́n ti da ojú rẹ̀ délẹ̀ sẹ́yìn ọ́fíìsì, tí ewúrẹ́ ń sùn sábẹ́ rẹ̀. Bàbá mi, tí í ṣe gbẹ́nàgbẹ́nà, lọ tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀gá tuntun tí ìjọba òmìnira rán wá. Mo bá a lọ.

"Ẹ̀yin ará ibi tí wọ́n ti ń fi agbè wọn omi mu," ni ọ̀gá náà wí, "kí lẹ fẹ́ fi ọkọ̀ ṣe?"

"Ọmọ mi ni mo fẹ́ fi gbé."

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni Bàbá ń sọ. Ìsọdá odò Wẹmẹ ló ti lọ́kọ, láàárín àwọn apẹja. Ó ti bí òkú ọmọ lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀mejèèjì, odò kún, ọmọ sì ti kú kí ọkọ̀ alájẹ̀ tó gbé e dé èbúté tí mọ́tò ti lè gbé e wá sí ilé ìwòsàn Kétu. Ó tún ti lóyún. A ní kó wá dúró lọ́dọ̀ wa. Ìyá ọkọ rẹ̀ kọ̀: "Bí ìrọbí bá mú un, ẹ gbé e. Kó tó dìgbà náà, ilé ọkọ ni yóò wà." Oṣù tí odò ń kún ni yóò sì bí. Ohun tí Bàbá ń bá sáré nìyẹn.

Ọ̀gá náà yọ̀ǹda ọkọ̀ náà fún wa. Ọyẹ́ ti fa pákó rẹ̀ gbẹ débi pé ìka ń wọ àlàfo wọn. Àbúrò ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, apẹja, wá wò ó.

"Bàbá, ẹ má dí nǹkan kan. Òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́. Ẹ pọnmi kún inú rẹ̀ fún ọjọ́ méje, ẹ máa bù kún un bó bá ṣe ń jò. Igi á wú, á pa ojú ara rẹ̀ dé."

Ìyá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ti kànga dé ni. "Ṣé ẹ gbọ́ ohun tí àna wa wí? Kí n jí kí àkùkọ tó kọ, kí n tò sẹ́yìn gbogbo obìnrin Kétu nídìí kànga, kí n wá da omi náà sínú igi kó máa jò sílẹ̀?"

Gbogbo agboolé rẹ́rìn-ín. Apẹja náà bá wọn rín in. Kò sẹ́ni tó ń da omi nù ní Kétu nínú ẹ̀ẹ̀rùn.

Bàbá ṣe é bó ti mọ̀ ọ́n ṣe. Ó la ìrókò gbígbẹ wẹ́wẹ́, ó fi òòlù gbá wọn wọ gbogbo àlàfo náà gírígírí, ó fi ọ̀dà kùn ún. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe ìlẹ̀kùn, ìlẹ̀kùn rẹ̀ kò sì dójú tì í rí. "Èèrà ò lè gbabẹ̀," ló ń wí fún ẹni tó bá yà.

Iṣẹ́ ìwé ìròyìn ni mo ń ṣe ní Àjàṣẹ́ nígbà náà. Nígbà tí mo wá ẹ̀yà ẹ́ńjìnnì lọ sétí ọ̀sà níbẹ̀, ọkùnrin kan tó ń tún ọkọ̀ ṣe bi mí pé kí la fi dí i. Mo sọ fún un.

"Igi lẹ fi há igi láàárín? Bó bá mumi, níbo ló máa wú sí?"

Mo jíṣẹ́ fún Bàbá. Ó ní, "Ṣé níbi tí o ti ń kọ̀wé ni wọ́n ti kọ́ ọ níṣẹ́ igi?" Iṣẹ́ mi ni kí n máa béèrè ohun kan náà títí ẹni yóò fi dáhùn. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo sọ èyí.

Òjò ti bẹ̀rẹ̀ kí a tó rí ọkọ̀ akẹ́rù tó gbé e dé odò. Lọ́jọ́ tí a tì í sómi, ẹ̀kán omi kan ò wọlé. Ẹ́ńjìnnì jí. Bàbá, tí kò mọ̀wẹ̀, di etí ọkọ̀ mú lọ́tùn-ún lósì, a gbé e dé ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀. Ó ní èbúté lòun yóò máa sùn, òun yóò máa wá wò ó lárààárọ̀ títí yóò fi bí. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Bàbá, ariwo ẹ́ńjìnnì yín ni n ó máa fetí sí."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ karùn-ún, a gbọ́ ọkọ̀ náà kí a tó rí i. Ó ń dún bí ẹni ń ṣẹ́ igi ìdáná. Pákó ti wú, kò ráyè. Ó ń ṣẹ́ àwọn igi tó tẹ̀ bí egungun ìhà nínú ọkọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fa ìṣó yọ. Kí oòrùn tó kan àtàrí, ọkọ̀ ti rì. Bàbá wọnú omi dé àyà, ó ń fi ọwọ́ ti pákó padà sáyè wọn. Àbúrò ọkọ ẹ̀gbọ́n mi rí gbogbo rẹ̀, ó tukọ̀ padà sílé. Kò rí ẹnu sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi.

Lọ́jọ́ kejì ni ìrọbí mú un. Ọ̀sán ni ọkọ̀ alájẹ̀ gúnlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ti kú nínú rẹ̀, tòun toyún. Àbúrò ọkọ rẹ̀ ló tù ú wá. Mo kọ ohun tó sọ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, mi ò mọ ìdí tí mo fi kọ ọ́.

"Ó bi mí lẹ́ẹ̀mejì pé ṣé ẹ́ńjìnnì lòun ń gbọ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, kó lè fara balẹ̀."

"Ó gbà ọ́ gbọ́?" Bàbá bi í.

"Ó gbà mí gbọ́, Bàbá. Ó ní kí n yéé bá omi jà, ká dúró dè yín."

"Ẹ dúró?"

"A di ẹ̀ka igi kan mú. A dúró díẹ̀."