Híńjì Ilẹ̀kùn Ilé Bàámi

Igi ìrókò ni ilẹ̀kùn ẹnu ọ̀nà ilé wa ní Iléṣà. Ó wúwo débi pé híńjì tí wọ́n ń tà lọ́jà kò lè gbé e dúró. Ìdí nìyẹn tí Bàámi fi ní kí alágbẹ̀dẹ rọ ti tiwa lọ́tọ̀: irin pẹlẹbẹ gígùn méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, tó na ọwọ́ láti ara férémù dé àárín pákó. Orí irin kọ̀ọ̀kan rí bí ewé obì, alágbẹ̀dẹ náà sì fa iṣan ewé sí i lára. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo máa ń fi ìka tọ àwọn iṣan yẹn bí mo bá ń dúró de àwọn òbí mi ká tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. N kò béèrè ẹni tó rọ wọ́n rí.

Lẹ́yìn ikú Bàámi, híńjì òkè kán. Ilẹ̀kùn fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń wọ́ nílẹ̀. Àbúrò mi pè láti Àbújá pé ká yọ ọ́ dànù, ká ra onírin. Òṣogbo ni èmi ń gbé, mo bá gbé irin náà lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà kan lẹ́yìn Ọjà Ọba. Ó jó o pọ̀, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó tún fi kán. Nígbà tí mo sọ fún Màámi lórí fóònù, wọ́n ní kí n gbé e lọ sí Iwaraja lẹ́bàá Iléṣà, sọ́dọ̀ ẹni tó rọ ọ́. Wọ́n júwe ilé náà láìṣì ibì kan.

Bàbá alágbẹ̀dẹ tí mo bá níbẹ̀ ti darúgbó, ọmọbìnrin wọn tó tó mi lọ́jọ́ orí ló ń ṣe iṣẹ́ náà báyìí. Bàbá gba irin náà, wọ́n yí i síwá sẹ́yìn, wọ́n bi mí pé ọmọ ta ni mí. Mo sọ fún wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín sí Ìjẹ̀ṣà mi tí Òṣogbo ti bà jẹ́, lẹ́yìn náà wọ́n béèrè Màámi. Mo ní wọ́n wà, àwọn ló rán mi wá. Bàbá jókòó ti iná, wọ́n ń tọ́ ọmọ wọn sọ́nà títí irin fi padà bọ̀ sípò. Wọ́n wá ní àwọn á bá mi lọ gbé e kọ́.

Nígbà tá a délé ní Iléṣà, mo rí i pé Màámi ti pààrọ̀ aṣọ, wọ́n sì wé gèlè, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọjọ́ Ìsinmi. Wọ́n kúnlẹ̀ díẹ̀ kí bàbá. Bí ọmọbìnrin náà ti ń kan ìṣó, àwọn àgbà méjèèjì jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo gbé omi wá fún wọn. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé bàbá yìí ló kọ́kọ́ tọrọ Màámi, tí ìdílé méjèèjì sì ti fẹnu kò, kí Màámi tó sọ pé tíṣà kan, ìyẹn Bàámi, ni àwọn á fẹ́.

Màámi ní, "Ó yà mí lẹ́nu nígbà yẹn pé ẹ gba iṣẹ́ náà. Mo rò pé ẹ ṣì ń bínú."

Bàbá ní, "Mo ń bínú. Ṣùgbọ́n ọkọ rẹ fúnra rẹ̀ ló wá. Ó jókòó lórí òkúta nínú oòrùn títí mo fi parí iṣẹ́ ọwọ́ mi. Ó ní, 'Mo mọ̀ pé ìwọ lo kọ́kọ́ tọrọ rẹ̀. Ìwọ náà ni mo fẹ́ kó rọ híńjì ilẹ̀kùn tí a ó máa tì lé e lálẹ́, kí ọkàn mi lè balẹ̀.' Kí ni mo fẹ́ sọ sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀?"

Màámi wo ilẹ̀. "Kò sọ fún mi," ni wọ́n wí, wọ́n sì fi etí ìró nu ojú.

Bàámi tí mo mọ̀ kì í bẹ ènìyàn. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ ọ́, ẹran inú ọbẹ̀ tiwọn ni wọ́n á fi kún tìrẹ, ọ̀rọ̀ tán nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi pe ìyẹn ní ìgbéraga. Lójú ọ̀nà bí mo ti ń padà sí Òṣogbo, mo gbìyànjú láti fojú inú rí wọn lórí òkúta yẹn, pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ níléèwé, tí wọ́n ń dúró de ọkùnrin tí kò fẹ́ rí wọn. Kò tíì rọrùn fún mi láti rí i títí di òní.

Ìgbà ọyẹ́ ni bàbá alágbẹ̀dẹ kú. Màámi lọ sí Iwaraja, wọ́n sì bá ẹbí olóògbé jókòó títí di ìrọ̀lẹ́. Ọmọbìnrin náà ṣì máa ń yà sọ́dọ̀ Màámi nígbà tó bá wá ra irin ní Iléṣà. Nígbà mìíràn tí mo bá dé, mo máa ń bá àwọn méjèèjì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí wọ́n ti jọ ń bó ẹ̀gúsí. Wọ́n á sún fún mi, wọ́n á sì máa bá ọ̀rọ̀ wọn lọ.