Bí Mo Ṣe Ṣubú Níbi Ìdúpẹ́ Ìwòsàn Mi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè kí n ròyìn bí mo ṣe ṣubú lulẹ̀ gbì níbi tí wọ́n ti ń dúpẹ́ pé ara mi ti yá!

Láti ilé-ìwé girama ni àtọ̀gbẹ ti mú mi, irú èyí tó jẹ́ pé ojoojúmọ́ lèèyàn ń gún abẹ́rẹ́ ínsúlínì. Láàárín àwọn ọdún 1990 yẹn, mo ń dá gbé yàrá kan ní Òkè-Baálẹ̀, l'Óṣogbo, mo ń ránṣọ. Inú ìkòkò omi ni ínsúlínì mi ń gbé, kó lè máa tutù. Ṣé iná NEPA ni ǹ bá gbẹ́kẹ̀ lé?

Àfi bí ínsúlínì ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ jù fún mi! Ìwọ̀n tí mo ti ń gún tipẹ́, bí mo bá gún un báyìí, òógùn á bò mí, ọwọ́ mi á máa gbọ̀n, màá wá máa wá ṣúgà kiri bí èèrà. Mo dín in kù, ó tún pọ̀ jù. Lóòótọ́, ó ń rẹ̀ mí, èébì sì ń gbé mi, ṣùgbọ́n ta ló ráyè ìyẹn?

Mo sọ fún Màámi n'Íléṣà. Háà, ẹ wo ijó! Wọ́n ní, "Uṣẹ́ Olúwa nì yìí!" Wọ́n ní a máa dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Sọ́ńdè, iwájú pẹpẹ ni màá sì ti ju abẹ́rẹ́ nù. Èmi náà gbà, mo tiẹ̀ rán aṣọ tuntun.

A ò tíì jó dé iwájú tí ojú mi fi ṣú. Gbì! Àwọn kan ní Ẹ̀mí ló gbé mi, kí wọ́n má fọwọ́ kàn mí. Ẹ̀mí kẹ̀! Màámi mọ òógùn tó bò mí yẹn, wọ́n mọ̀ pé ṣúgà mi ló já wálẹ̀. Wọ́n fi ṣúgà ra inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, wọ́n sì pariwo kí wọ́n gbé mi lọ sọ́sibítù.

Dókítà ní kì í ṣe ìwòsàn rárá. Ó ní àwọn ọmọ ogun inú ara mi tó yẹ kó máa bá àìsàn jà, àwọn tó ti ba ibi tí ínsúlínì ti ń jáde jẹ́, ó jọ pé wọ́n tún ti kọjú ìjà sí pítúítárì, ohun kékeré bí ẹ̀wà tó wà lábẹ́ ọpọlọ. Òun ló ń mú kí ara ṣe ohun tí kì í jẹ́ kí ṣúgà já wálẹ̀; ìdí nìyẹn tí ínsúlínì fi ń pọ̀ jù fún mi. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ sì ti ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn. Ṣé ìjọba ṣọ́jà tó wà níta ò tó ni?

Ó ní bí mo bá ju abẹ́rẹ́ nù, ikú ni. Bí mi ò bá sì lo oògùn oníhóró tuntun tó fún mi, ikú náà ni. Ẹ̀rù bà mí, mo sunkún gan-an.

Nígbà tí ara mi balẹ̀, mo rò pé ojú á ti Màámi láti padà sí ṣọ́ọ̀ṣì. Rárá o! Wọ́n dìde jẹ́rìí níwájú ìjọ. Wọ́n ní ìwòsàn kọ́, díẹ̀ ló kù kí àwọn fúnra àwọn pa mí. Ṣùgbọ́n wọ́n dúpẹ́ pé àárín èrò ni mo ti ṣubú. Ká ní yàrá Òkè-Baálẹ̀ ni, ta ni ì bá ṣílẹ̀kùn?

Èmi ni mo ṣe "Àmín" àkọ́kọ́.

Ẹ̀yin tó ń gún ínsúlínì, bó bá ṣàdéédéé pọ̀ jù fún yín, ẹ má tíì jó o! Ẹ kọ́kọ́ lọ bá dókítà. Ta ni wọ́n ti bá dúpẹ́ àìsàn rí, bí èmi? Ẹ sọ tiyín, kí n mọ̀ pé èmi nìkan kọ́!