Ojú Alájà Sọ̀fíyàt Lórí Ìwé

Bí ẹ bá béèrè nínú ẹgbẹ́ àsàlátù kan báyìí ní Ìwó pé obìnrin wo ló mọ kéwú jù láàárín wọn, kí ẹ tó sọ̀rọ̀ tán ni wọn yóò ti dárúkọ Alájà Sọ̀fíyàt. Ìbòrí àti hìjáábù ló ń tà lọ́jà Odò-Orí, ṣùgbọ́n ọjà kọ́ ló sọ ọ́ di gbajúmọ̀, ohùn rẹ̀ ni. Bí ó bá jókòó láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, tó ṣí Kùránì lé ẹsẹ̀, tó fi ìka sórí ìlà, tó sì bẹ̀rẹ̀ súrà Yàsíìn, kódà àwọn tí kì í gbẹ́nu dákẹ́ á dákẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, torí ikùn mi ò lè gba irú ọ̀rọ̀ báyìí dúró: Alájà ò mọ̀wé kà. Kò mọ ti kéwú, kò sì mọ ti ilé ìwé. Nígbà tó wà lọ́mọdé, tí bàbá rẹ̀ ń kọ́ àwọn ọmọkùnrin ní kéwú nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn lòun máa ń jókòó sí, tí yóò máa tẹ́tí. Kí wàláà ìkọ́kéwú tó kàn án, wọ́n á ti gbé igbá ọjà lé e lórí. Àmọ́ Ọlọ́run fún un ní ọpọlọ. Ohun tó bá ti gbọ́ lẹ́ẹ̀mejì ti di tirẹ̀. Irú Kùránì kan ṣoṣo ló máa ń rà, nítorí ó ti mọ ọ̀rọ̀ tí ojú ewé kọ̀ọ̀kan rẹ̀ parí sí, bó bá sì ti kà á débẹ̀ ni yóò ṣí ojú ewé mìíràn. Ẹnikẹ́ni ò fura. Òun pàápàá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé pé ẹ̀tàn ni.

Ẹni tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ẹgbẹ́ ni Faridah. Ó ti lé lógójì ọdún kó tó bẹ̀rẹ̀ kéwú lọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀. Bó bá ń kà, á kọsẹ̀, á dúró, á padà sẹ́yìn, á tún un kà. Alájà ló sọ ọ́ ní Ìyá Dúró-ná, gbogbo ẹgbẹ́ sì gbà á lẹ́nu rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wà tí Kaothar fi dé. Ọmọ àdúgbò ni, ó ti di olùkọ́ ní yunifásítì, ìwádìí tó sì ń ṣe ni bí ojú ènìyàn ṣe ń rìn nígbà tó bá ń kàwé. Ó kúnlẹ̀ láàárín àwọn ìyá.

"Ẹ̀yin ìyá mi, kò sí wàhálà níbẹ̀. Ẹ máa jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, ẹ máa ka Yàsíìn tó wà lójú rẹ̀, kámẹ́rà kékeré kan á sì máa wo ẹyinjú yín. Ibi tí ojú yín bá bà lé, àmì pupa á yọ níbẹ̀."

Àyà Alájà já. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ń pariwo orúkọ rẹ̀. Oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ wé láwàní Ìyá Àdínní fún un, ta ni ì bá tún lọ? Ó dáhùn pé òun á lọ. Ó ń tu ara rẹ̀ nínú pé Yàsíìn ṣáà ni, kò sì sí ibi tó ti lè ṣì í.

Nígbà tí wọ́n dé yàrá ìwádìí, àwọn ìyá yòókù jókòó sẹ́yìn, níbi tí wọ́n ti ń wo gbogbo rẹ̀ lára ògiri. Alájà ní kí Ìyá Dúró-ná kọ́kọ́ ṣe tirẹ̀. Faridah gbé àgbọ̀n lé ibi tí wọ́n ní kó gbé e lé, ó bẹ̀rẹ̀. Àmì pupa fò láti ọ̀tún, ó dúró, ó tún fò sósì, ó padà sẹ́yìn, ó tún fò. Bí adìyẹ tó ń ṣa àgbàdo ló rí. Àwọn ìyá bú sẹ́rìn-ín. Alájà náà rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ lu itan, nítorí ẹ̀rù ń bà á, ẹ̀rín yẹn sì ń bá a lé e.

Ó wá kan òun náà. Ohùn rẹ̀ jáde bó ṣe máa ń jáde, ó dùn, ó já gaara. Àmọ́ àmì pupa dúró sáàárín ojú ewé, kò lọ, kò bọ̀. Ó lọ wo fáànù díẹ̀, ó padà síbi tó wà.

"Sùbúhánáláhì!" ni ìyá kan kígbe. "Ẹ wo bí ojú wọn ṣe rọlẹ̀! Kaothar, èwo ló dáa jù nínú ojú méjèèjì yìí?"

Kaothar wo ara ògiri, ó wo Alájà. "Ẹ jẹ́ kí n lọ yẹ̀ ẹ́ wò ná, mà," ló wí. Faridah ti tẹ orí ba.

Nígbà tí àwọn yòókù ń jáde lọ bá kẹ̀kẹ́, Kaothar fa Alájà sẹ́yìn, ó kúnlẹ̀.

"Màmá, ẹ má bínú. Ojú tó bá ń kàwé kì í dúró sójú kan. Fífò ló ń fò, á sì máa padà wo ohun tí kò bá dá a lójú. Ti Àǹtí Faridah, bó ṣe yẹ kó rí gan-an nìyẹn. Mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Mà á yọ tiyín kúrò nínú iṣẹ́ náà."

Ìtìjú bo Alájà. Ì bá sàn kí ọmọ náà bú u. Ọmọ tí òun gbé jó lọ́jọ́ ìkómọ ló ń kúnlẹ̀ bo àṣírí òun, ó ní "O ṣé," ó sì jáde lọ bá àwọn yòókù.

Faridah ò wá sí àsàlátù lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e. Ọ̀sán ọjọ́ kejì ló yọ sí Alájà níbi ìsọ̀. Ó kúnlẹ̀ sáàárín hìjáábù, ó tú Kùránì rẹ̀ nínú ọ̀rá, ó sì ṣí i.

"Alájà, ẹ dákun, ẹ kọ́ mi bí ẹ ṣe ń mú ojú yín dúró. Mo ti ń dán an wò nílé. Bí mo bá tẹjú mọ́ ibì kan, mi ò ní rí ọ̀rọ̀ tó kù mọ́. Mo ti sọ fún ọkọ mi pé ojú mi ló bàjẹ́. Bí kò bá ṣeé ṣe, mo fẹ́ jáwọ́ nínú kéwú."

Irọ́ ti dé ẹnu Alájà. Ó lè sọ pé àdúrà ni, tàbí pé kó ṣáà máa gbìyànjú. Ó wo ìwé náà. Kì í ṣe irú èyí tó ń rà.

"Faridah, súrà wo lèyí?"

"Ṣé ẹ ń dán mi wò ni?"

"Mi ò dán ẹ wò. Mi ò mọ̀ ọ́n ni. Mi ò mọ̀wé kà rí láyé mi, àkọ́sórí ni gbogbo rẹ̀. Ojú tìrẹ ló ń kàwé. Tèmi kàn ń wò lásán ni."

Faridah rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Nígbà tó wo ojú Alájà, ẹ̀rín náà kú. Ó pa ìwé dé, ó dìde kúrò lórí ìkúnlẹ̀.

"Nígbà tí wọ́n ń fi mí rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn, ẹ mọ̀ pé mò ń kà á, ẹ sì mọ̀ pé ẹ̀yin ò lè kà á?"



"Mo mọ̀," ni Alájà wí. "Èmi ni mo sì rẹ́rìn-ín jù."