Ọjọ́ Tí Ọṣẹ Ṣeré Ní Àgbàlá Wa

Mo gbóòórùn ọṣẹ ìfọṣọ kan lánàá, ni mo bá rántí ọ̀sán tí àwọn eléré tẹlifíṣọ̀n wá ya eré ní àgbàlá wa ní Ẹ̀gbẹ́dá. Wọ́n ní kí màmá mi máa fọṣọ lẹ́yìn àwọn òṣèré. Ọ̀gá wọn sáré wá yí ọṣẹ tó wà lọ́wọ́ màmá mi.

"Màmá, ẹ jẹ́ kí orúkọ ọṣẹ náà hàn, ẹ jọ̀ọ́."

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ọṣẹ náà wà nínú eré ni?" ni mo bi í.

"Òun gan-an ni ọ̀gá wa!"

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ilé iṣẹ́ ọṣẹ ló sanwó eré náà.

Nígbà tí eré jáde, ọṣẹ àti ọwọ́ màmá mi nìkan la rí lẹ́yìn àwọn òṣèré. Ni màmá mi bá fò sókè, ó di mọ́ bàbá mi.

"Òrùka ìgbéyàwó tí ẹ fi sí mi lọ́wọ́ hàn!"