Ọpẹ́ Tí Wọ́n Ṣe Kí Àṣekágbá Tó Parí

Ẹ máa gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn pé Ọmọ́ládé ya wèrè ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sunday yẹn. Irọ́ ni. Inú ló bí i, ìbínú ọ̀hún sì tọ́ sí i dáadáa. Bí wọ́n bá sọ fún yín pé ó gba máíkì lọ́wọ́ Brother Clement, òótọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n kí wọ́n sọ ohun tí Brother Clement ń fi máíkì ṣe pẹ̀lú, kí wọ́n má sọ ọ́ ní ìdajì.

Obìnrin jẹ́jẹ́ ni tẹ́lẹ̀, bí jẹ́jẹ́ bá lè bá ẹnu mímú gbé. Nọ́ọ̀sì ni. Ibi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ fún àwọn tí kíndìnrín wọn ò ṣiṣẹ́ mọ́ ló wà, kò jìnnà sí ilé rẹ̀ ní Little Elm, nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Àwọn aláìsàn rẹ̀ mọ ìwà rẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá ti dún pé òun ti parí, tí ẹnìkan sì ti ń wá bàtà, Ọmọ́ládé á ní kó jókòó. "We're not done till I say we're done." Ó ti rí ọkùnrin kan rí tó dìde kí ojú abẹ́rẹ́ tó dí, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ya bo ilẹ̀. Láti ìgbà náà, kì í kí ẹnikẹ́ni kú oríire àfi tí wọ́n bá ti dé ẹnu ọ̀nà.

Àbúrò kan ṣoṣo ló ní láyé, Adédọ̀tun. Nígbà tí ìyá wọn kú ní Ṣàgámù, ọmọ náà ṣì ń tọ̀ sórí ẹní. Ọmọ́ládé ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń nà án, òun náà ló ń gbé bàtà bọ́ọ̀lù rẹ̀ pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì kí bàbá wọn má baà dáná sun ún. Nígbà tó dé Amẹ́ríkà, nínú apartment kótópó tó kọ́kọ́ gbà ní Vickery Meadow, ohùn ọmọ yẹn ló máa ń gbọ́ lórí fóònù kó tó lọ síbi iṣẹ́.

"Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, ẹ̀gbọ́n mi."

Ó tó bẹ́ẹ̀, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀. Ọmọ náà sì gbá bọ́ọ̀lù títí, ó gbá a kúrò ní Ṣàgámù, ó gbá a dé Túnísì, wọ́n sì fi í síwájú pé kó máa jẹ góòlù fún wọn.

Lọ́dún yìí, ẹgbẹ́ Túnísì dé àṣekágbá ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà, ẹgbẹ́ Káírò ni wọ́n sì bá pàdé níbẹ̀. Àṣekágbá ọ̀hún kì í ṣe ti ọjọ́ kan. Wọ́n á kọ́kọ́ gbá abala kìíní ní Túnísì ní Sátidé, wọ́n á gbá abala kejì ní Káírò ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, wọ́n á wá ro góòlù ọjọ́ méjèèjì pọ̀. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó máa mọ ẹni tó gba ife. Kò ní ìdíjú nínú. Ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mọ̀ ọ́n.

Kí abala kìíní tó bẹ̀rẹ̀, Adédọ̀tun pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, nǹkan kan ni mo fẹ́ tọrọ lọ́wọ́ yín."

"Sọ ọ́, mo ń gbọ́."

"Tí a bá wín first leg, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má yọ̀. Kí wọ́n má gbé e sórí Facebook, kí wọ́n má kí mi. Coach wa ti sọ ọ́ lójú gbogbo wa pé ẹni tí àwọn ará ilé rẹ̀ bá ń jó ijó ayọ̀ kí a tó padà láti Cairo, bench ni onítọ̀hún máa jókòó sí. Kò ṣeré o. Ó ti ṣe é fún ẹnìkan rí."

"Ta ló máa jó? Ṣé èmi?"

"Ẹ ṣèlérí fún mi."

"Mo ṣèlérí. Lọ sùn."

Ní Sátidé, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, òun àti Olúwadára, ọmọbìnrin rẹ̀ tó wà ní yunifásítì, gbé laptop síwájú, wọ́n ń wò ó. Adédọ̀tun jẹ góòlù kan. Kò pẹ́, ó tún fi orí kan òmíràn wọlé, Káírò ò sì jẹ kankan. Ọmọ́ládé yí gbirigbiri lórí kápẹ́ẹ̀tì, ó ké títí ohùn rẹ̀ fi há. Nígbà tó rántí ìlérí rẹ̀, ó fọwọ́ bo ẹnu.

"Dára, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ gbọ́ o."

"Mommy, it was on TV. The whole of Africa heard."

"Mo ní kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ gbọ́!"

Ní ọjọ́ kejì, ó wọ aṣọ rẹ̀, ó wé gèlè búlúù, ó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì jẹ́jẹ́. Brother Clement ti ń dúró dè é. Brother Clement yìí ni olórí ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin níbẹ̀. Duncanville ló ń gbé, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe. Bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló ń wò, ó sì gbà pé kò sí bọ́ọ̀lù tí òun ò mọ̀ nínú ayé. Ó ti rí i lórí fóònù pé ọmọ Nàìjíríà jẹ góòlù méjì nínú àṣekágbá, àbúrò Mummy Dára sì ni. Ṣé ẹ mọ̀ pé nígbà tí ọmọ náà wà ní Ṣàgámù, ọkùnrin yìí kan náà ló ní kí wọ́n gbàdúrà kó fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ lọ kọ́ iṣẹ́ gidi? Ní Sunday yìí, ó ti di "ọmọ wa".

Ó gba máíkì. Ó ní ọmọ wa ti gba ife Áfíríkà, ó ní kí Mummy Dára bọ́ síwájú wá dúpẹ́.

Ọmọ́ládé dìde. "Ẹ ṣeun, sà. Ṣùgbọ́n kò tíì parí. Ó ku second leg ní Saturday."

"Mummy Dára, final ni wọ́n pè é. Lẹ́yìn final, kí ló tún kù?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń gbá a, sà."

"Ẹ má jẹ́ kí Èṣù fi ìbẹ̀rù gba ọpẹ́ lẹ́nu yín!" Gbogbo ìjọ pariwo àmín lé e lórí. Àmín kí ni? Wọn ò bi ara wọn.

Ká ní ó jókòó pa dà, ọ̀rọ̀ ì bá tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù bẹ̀rẹ̀ orin kan, orin tí ìyá wọn máa ń kọ nídìí ààrò ní Ṣàgámù. Omi lé ròrò sójú Ọmọ́ládé. Ó rí ọmọ tó ń tọ̀ sórí ẹní, ó rí góòlù méjèèjì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ mì, èjìká rẹ̀ tẹ̀ lé e, kí ó sì tó mọ̀, ó ti dé àárín, ó ń fi áńkáṣíìfù nu ojú, ó ń jó. Ó jó dé iwájú pẹpẹ. Ó jó débi pé gèlè rẹ̀ yẹ̀. Brother Clement sì wà níwájú rẹ̀ tó gbé fóònù sókè, tó ń fi ẹ̀yìn rìn, kí gbogbo rẹ̀ lè wọ inú fídíò.

Kí wọ́n tó kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì, fídíò náà ti wà lórí Facebook. Brother Clement kọ orúkọ Adédọ̀tun sí i gàdàgbà, ó kọ "CHAMPIONS OF AFRICA", ó kọ "CAIRO IS FINISHED". Ìwé kún orí rẹ̀, ẹ wo iṣẹ́ tó fi ṣe!

Lọ́jọ́ Tuesday, Dára pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù níbi iṣẹ́. "Mommy, don't freak out. You're all over Egypt."

Àwọn ará Káírò ti rí i. Wọ́n fi ẹ̀rín sí i, wọ́n fi ìlù tiwọn rọ́pò orin, wọ́n ń pín in kiri. Àwọn ará Túnísì náà rí i, wọn ò rẹ́rìn-ín. Ọmọ́ládé bọ́ síta, ó pe Brother Clement.

"Ẹ yọ ọ́ kúrò, sà. Ẹ yọ ọ́ nísinsìnyí."

"Ah, Mummy Dára! Ẹ ò rí bí àwọn èèyàn ṣe ń wò ó? Testimony wa ti dé Arab world!"

"Wọ́n máa fi ọmọ mi sí bench!"

"Ta ló máa fi ẹni tó jẹ góòlù méjì sí bench? Kò bọ́gbọ́n mu. Ẹ fọkàn balẹ̀."

Lọ́jọ́ Thursday ló tó yọ ọ́, nígbà tí Pásítọ̀ bá a sọ̀rọ̀. Fídíò ti wà lọ́wọ́ gbogbo ayé nígbà yẹn. Láti ọjọ́ náà títí di Sátidé, Adédọ̀tun ò gbé ìpè ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Abala kejì bẹ̀rẹ̀ ní Káírò. Wọ́n ka orúkọ àwọn tó máa gbá a, orúkọ rẹ̀ ò sí níbẹ̀. Kámẹ́rà yà sí bẹ́ǹṣì, ọmọ náà nìyẹn, ó káwọ́ gbera, ó ń wo ilẹ̀. Ọmọ́ládé ò lè jókòó. Káírò jẹ ọ̀kan. Káírò jẹ èkejì, ọ̀rọ̀ di ọ̀gbà. Àwọn ará Túnísì ń sáré kiri, kò sẹ́ni tó lè fi bọ́ọ̀lù wọlé fún wọn. Ẹni tó lè ṣe é jókòó. Nígbà tí Káírò jẹ ẹ̀kẹta ni kóòṣì tó na ọwọ́ sí i pé kó wọlé, kò sì ju kó fẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀kan lọ tí wọ́n fi fọn fèrè. Ife lọ.

Dára pa laptop dé. Fóònù dún lẹ́yìn náà. Adédọ̀tun ni.

"Dọ̀tun! Dọ̀tun mi, Clement ni. Ọkùnrin oníranù yẹn ló…"

"Mi ò mọ Clement, ẹ̀gbọ́n mi."

Ọmọ́ládé jókòó sórí kápẹ́ẹ̀tì.

"Coach fi fídíò yẹn hàn mí lójú gbogbo wọn. Ó na ọwọ́ sí ẹni tó wé gèlè búlúù, ó ní ta nìyí. Mo ní mi ò mọ̀ ọ́n." Ó mí kanlẹ̀. "Mo ní mi ò mọ̀ yín rí. Mo rò pé bóyá wọ́n á jẹ́ kí n gbá a."

Ọmọ́ládé bi í pé ṣé ó ti jẹun. Ọmọ náà pa fóònù.

Ìbínú tó gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ kejì nìyẹn. Ó bínú sí Clement, ó bínú sí kóòṣì, ó bínú sí ẹni tó tẹ kíbọ́ọ̀dù. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ló bínú sí jù, kò sì rí ibi tó máa gbé ìyẹn sọ̀ sí. Ó jókòó sẹ́yìn. Kò wé gèlè.

Ẹ bá mi wo Brother Clement. Ẹ̀yin náà á rò pé á tọrọ àforíjì. Ó tún dì mọ́ máíkì! Ó ní Ẹ̀mí ti fi hàn án pé ọ̀tá ilé ló ṣe é. Ó ní àwọn kan wà ní Ṣàgámù tí inú wọn ò dùn sí ògo ọmọ wa. Ó ní kí gbogbo ìjọ dìde.

"Ọ̀tá tó so ẹsẹ̀ ọmọ wa mọ́ bench, ṣubú!"

"Ṣubú!"

"Ṣubú, má dìde mọ́!"

Wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń fẹsẹ̀ janlẹ̀. Ọmọ́ládé dìde, ó rìn láàárín wọn lọ síwájú. Àwọn kan rò pé àdúrà ló wọ̀ ọ́ lára, wọ́n sún fún un. Ó na ọwọ́, ó gba máíkì lọ́wọ́ Brother Clement.

"Ẹ dúró ná."

Ariwo náà ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Ẹ má dààmú dé Ṣàgámù. Ẹni tí ẹ ní kó ṣubú ló dúró níwájú yín yìí. Àbúrò mi bẹ̀ mí kí n má jó. Mo ṣèlérí fún un. Mo mọ̀ pé bọ́ọ̀lù ò tíì parí, mo sọ ọ́ fún yín níbí, mo sì jó. Brother Clement ló di fóònù mú, ẹ̀yin lẹ pàtẹ́wọ́. Kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀."

"Mummy Dára, ẹ̀mí ìbínú ni…"

"Òun ni. Mi ò ní kó lọ." Ó fi máíkì pa dà sí i lọ́wọ́. Kò pa dà sí àyè rẹ̀. Ó dúró síwájú pẹpẹ níbi tó ti jó lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó kọjú sí wọn. "Ó yá, sà. Ẹ máa gbàdúrà yín lọ. Ẹ ní kí n ṣubú."

Brother Clement gbé máíkì sẹ́nu. Ó wo Ọmọ́ládé, ó wo ìjọ, kò rí orúkọ ọ̀tá kankan pè.